Òǹkàwé Ojú Fèrèsé

Shittu, alálùbọ́sà Mile 12, ti ra agolo ọ̀dà sílẹ̀. Ọ̀dà yẹn ni wọn yóò fi kọ orúkọ baba ńlá rẹ̀ sára ilé ìkàwé tuntun tí wọ́n kọ́ sí Ìkòsì. Orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ mọ̀wé kà ládùúgbò ni wọ́n fẹ́ fi pè é. Ilé Shittu ní baba àwọn ni. Ilé Mutolib, aláta, ní irọ́ gbuu, baba tàwọn ni. Ọdún kan gbáko ni wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí, débi pé àwọn méjèèjì ò kí ara wọn mọ́, èébú ni.

"Ojú ẹ bíi pátákó alápatà," Shittu á ní.

"Ẹnu tìẹ bíi Mile 12, kì í dákẹ́," Mutolib á fèsì.

Àwòrán kan wá dé láti ìlú òyìnbó, orí fóònù ni wọ́n fi ránṣẹ́. Òyìnbó kan ló fi pẹ́ńsù yà á ní 1868: ọkùnrin kan jókòó lójú fèrèsé, ó kọ ẹ̀gbẹ́ ojú síni, ó ń kàwé. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé òǹkàwé àkọ́kọ́ ní Ìkòsì nìyí. Orúkọ ò sí níbẹ̀. Alhaja Ajarat, alága àdúgbò, ní kí àwọn méjèèjì tọwọ́ bọ̀wé pé ohun tí àwòrán bá fi hàn làwọn gbà. Shittu bojú wò ó fìrí, ó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Mutolib fi ìka fẹ ojú fóònù, ó wò ó pẹ́, ó tọwọ́ bọ̀ ọ́ láì jiyàn. Shittu ló tún lọ bẹ Aunty Kúnbi, olùkọ́ iṣẹ́ ọnà l'Ógùdù, kó wá yẹ̀ ẹ́ wò.

Lọ́jọ́ Sátidé, gbọ̀ngán àdúgbò kún fọ́fọ́. Wọ́n gbé àwòrán náà sára ògiri, ó tóbi bí ilẹ̀kùn.

"Ẹ wo bó ṣe jókòó!" Shittu ní. "Ilé wa nìyẹn. A kì í jẹ òkété, abẹ kì í kan ojú ọmọ wa, a kì í sì í purọ́."

Gbogbo gbọ̀ngán bú sẹ́rìn-ín sí èyí tó gbẹ̀yìn.

Kúnbi nàka sí ògiri. "Ó tẹ pẹ́ńsù mọ́lẹ̀ gan-an níbi ìwé àti àtàǹpàkò, aṣọ ló fọwọ́ fẹ́lẹ́ yà. Ìwé ló fẹ́ ká kọ́kọ́ rí. Ẹ wo ẹyinjú, orí ọ̀rọ̀ ló wà. Ọkùnrin yìí ò díbọ́n."

"Ẹ gbọ́ o!" Shittu pariwo.

"Ìmọ́lẹ̀ ń ti fèrèsé bọ̀, ó bọ́ sójú rẹ̀. Ẹ̀yìn ọrùn ló ṣókùnkùn." Ó sún mọ́ ògiri. "Ohun kan ló kàn ń dà mí láàmú. Ó fa pẹ́ńsù gbọọrọ lẹ́ẹ̀mẹrin sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Kò yẹ kí òjìji débẹ̀."

"Ẹ má fò ó, Aunty!" Shittu ní. "Ibẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ tẹnu mọ́. Àbí ayàwòrán ṣàṣìṣe ni?"

"Rárá o, sà. Ohun tó bá fojú rí ló ń yà."

"Ó tán!" Shittu gbé agolo ọ̀dà rẹ̀ sórí tábìlì.

Alhaja Ajarat yíjú sí ẹ̀yìn. "Ọ̀gbẹ́ni Mutolib, ó kàn yín o."

Mutolib dìde, ó lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán náà, ó kọ ẹ̀gbẹ́ ojú sí gbọ̀ngán kí gbogbo wọn lè rí àbàjà mẹ́rin tí ilé wọn ti ń kọ sẹ́rẹ̀kẹ́ láti ayébáyé, ó ní, "Shittu, ọ̀dà aláwọ̀ wo lo bá wa rà?"