Sálúbàtà Màmá Rúùtù

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka èyí dé ìdajì kí ẹ wá pa fóònù yín. Ẹ kà á tán, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ní ìyá láyé.

Káfíńtà ni Olúgbénga, lẹ́yìn ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́. Aládùúrà ni. Lọ́dọọdún, ìjọ wọn máa ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Takie, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bọ́ bàtà, tí wọ́n á fẹsẹ̀ rìn gba ọ̀nà oko lọ sí òkè àdúrà tí àwọn tó dá ìjọ náà sílẹ̀ ń lọ láyé àtijọ́. Ìrìn wákàtí mẹ́ta ni. Ọ̀nà náà dákẹ́ rọ́rọ́, èrò kì í pọ̀ níbẹ̀.

Lọ́dún yìí, Olúgbénga ni wọ́n fi ṣe aṣáájú ìrìn. Orí rẹ̀ wú.

Ìyá rẹ̀, Màmá Rúùtù, ní òun náà á lọ. Bàbá tó bí i lọ́mọ rin ọ̀nà yẹn, ó fẹ́ rìn ín lẹ́ẹ̀kan kó tó kú. Ṣùgbọ́n ìtọ̀ ṣúgà ń yọ Màmá lẹ́nu, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í mọ ìrora mọ́. Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ lásán tẹlẹ̀, kódà nínú yàrá. Olúgbénga fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ.

Wọ́n dé Takie. Gbogbo èèyàn bọ́ bàtà, ó ku Màmá.

"Màmá, ẹ bọ́ sálúbàtà yẹn."

"Gbénga, ṣé o gbàgbé ohun tí nọ́ọ̀sì sọ ni?"

"Ẹ̀yin ìyá aṣáájú? Kí ni mo fẹ́ sọ fún ìjọ? Ẹ má dójú tì mí."

Arábìnrin Dámisí tí wọ́n jọ ń lọ dá sí i. "Bọ̀ọ̀dá Gbénga, ẹ jẹ́ kí Màmá wọ bàtà wọn. Ọlọ́run ò ní torí ìyẹn bínú."

Olúgbénga bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ sálúbàtà lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀, ó jù ú sínú báàgì. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Màmá rìn, ó ń kọrin. Inú rẹ̀ dùn pé ibi tí bàbá òun tẹ̀ lòun náà ń tẹ̀. Kò mọ̀ pé òun ti tẹ àfọ́kù ìgò. Orí òkè ni Dámisí ti rí ẹ̀jẹ̀ ní ìṣẹ́tí sùtánà Màmá.

"Ẹ jẹ́ ká gbé wọn lọ sọ́sibítù."

"Ẹ̀jẹ̀ tó bá kán lójú ọ̀nà àdúrà, ìbùkún ni," Olúgbénga dáhùn. Ó fi omi àdúrà fọ ẹsẹ̀ náà, ó fi aṣọ dì í.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án ni wọ́n tó gbé Màmá dé ọsibítù. Ẹsẹ̀ náà ti dúdú, ó ti ń rùn. Dókítà gé e láti orúnkún.

Nígbà tí wọ́n gbé Màmá padà sílé, Olúgbénga kúnlẹ̀, ó mú sálúbàtà náà jáde nínú báàgì, ó ń sunkún. "Màmá, ẹ dárí jì mí."

Màmá gba ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀. "Mú ọ̀kan padà, Gbénga. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo lè wọ̀."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, ẹ má fi ara ìyá yín ra iyì lójú ìjọ. Ẹ má sì fi ọ̀rọ̀ ẹ̀mí bo ohun tí nọ́ọ̀sì bá sọ mọ́lẹ̀. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.