Àwọn Tó Ń Ṣọ́ Ọmọ Síìlì

Ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Morfydd àti Lowri, ọmọ-ọmọ rẹ̀, sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí òkun kan ní Pembroke, nílẹ̀ Wales. Wọ́n gbé ẹní àti fúláàsì tíì dání, àti búrẹ́dì tí wọ́n fi ẹyin há láàárín, àti awò tí Morfydd fi ń wo ẹyẹ láti ọ̀nà jíjìn. Òjò ti dá. Lowri, ọmọ ọdún mẹ́jọ, wọ kóòtù tuntun tó tóbi jù ú lọ díẹ̀, ó sì wọ bàtà ilé ìwé rẹ̀, tí iyanrìn ti kún inú rẹ̀. Irun rẹ̀ kúrú. Màmá àgbà ló gé e fún un lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí wọ́n dé, ó ní atẹ́gùn òkun àti irun gígùn kì í rẹ́.

Ẹ̀bá àpáta ni wọ́n ti rí ọmọ síìlì kan, ẹranko inú òkun tó máa ń gòkè wá fọ́mọ lọ́yàn. Àwọn síìlì ńlá, tí orí wọn jọ ti ajá, pọ̀ nínú omi ibẹ̀, ṣùgbọ́n ìkókó lèyí, ó funfun bí òwú. Ó dá wà. Ó ń ké bí ọmọ èèyàn.

"Màmá àgbà, ìyá ẹ̀ dà?"

Morfydd wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Mi ò rí i o."

"Ṣé ó já a sílẹ̀ ni?"

"Ó jọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyá kan wà tó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ mi."

"Tí ò bá wá mọ́ ńkọ́?"

"Ebi á pa á kú." Morfydd kì í parọ́ fún ọmọdé nípa ẹranko.

Ojú Lowri rẹ̀wẹ̀sì. Ó ní àwọn ò gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀, Morfydd sì gbà. "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́," ló wí, ó sì tẹ́ ẹní wọn síbi tí kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ sí ẹran náà.

Ọkùnrin kan mú ajá kọjá ní aago mọ́kànlá. Morfydd ti dìde kó tó súnmọ́ wọn.

"Bàbá, ẹ so ajá yín!"

"Ajá mi kì í bu èèyàn jẹ."

"Èmi náà kì í bu èèyàn jẹ, àmọ́ ẹ má dán mi wò."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó so ajá rẹ̀. Ó wo Lowri lẹ́ẹ̀mejì kó tó bá tirẹ̀ lọ.

Lowri gbé awò sójú. "Síìlì ńlá kan wà lọ́hùn-ún. Àwa ló ń wò."

"Wọ́n fẹ́ràn àtimáa wo èèyàn. Juwọ́ sí i."

Lowri juwọ́. Orí náà rì, ó tún yọ níbì kan náà.

Nígbà tó fi máa di aago méjì, igbe ọmọ síìlì ti rọlẹ̀. Lowri ju búrẹ́dì sí i, kò tiẹ̀ bojú wò ó.

"Ẹ jẹ́ ká pe màmá mi. Ó máa mọ ohun tá a máa ṣe."

"Fóònù ò lọ níbí, mo ti sọ fún ẹ."

"Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun?"

"Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Màmá ẹ sì wà lẹ́nu iṣẹ́."

Sioned, màmá Lowri, ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Swansea, ilé aládùúgbò ni ọmọ rẹ̀ sì máa ń sùn. Ó dun Morfydd dọ́kàn. Ó ti bá Sioned, ọmọ rẹ̀, sọ ọ́ títí ó fi sú u.

Ní aago mẹ́ta, Gethin dé, ẹni tó ń mójú tó àwọn ẹranko etí òkun náà. Kò súnmọ́ wọn. Ó dúró lókèèrè, ó sì fọwọ́ pè wọ́n.

"Ẹ káàsán, ìyá. Ìgbà wo lẹ ti wà níbí?"

"Láti aago mẹ́wàá. A ò kúrò lẹ́ẹ̀kan." Morfydd ń retí kó dúpẹ́. "Ìyá ẹ̀ ti já a sílẹ̀."

"Kò já a sílẹ̀." Ó nawọ́ sí orí tó wà nínú omi. "Òun nìyẹn. Ó ń dúró kẹ́ ẹ kúrò ni. Kò ní gòkè níwọ̀n ìgbà tó bá ń rí yín."

Lowri bú sẹ́kún. "Àwa la febi pa á!"

"O ò mọ̀ ni, ọ̀rẹ́ mi. Kí lorúkọ ẹ?"

"Lowri."

Gethin wo bàtà rẹ̀. "Ṣé ilé ìwé ti gba ọlidé ni?"

"Tiwọn tètè gbà á," ni Morfydd dá a lóhùn.

Gethin yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí fóònù rẹ̀ pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀.

"Fóònù tiẹ̀ lọ," ni Lowri wí.

"Ti òṣìṣẹ́ yàtọ̀."

Gethin bá wọn ká ẹní, ó sì mú wọn gun òkè lọ pẹ̀lú sùúrù. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ sẹ́yìn ògiri olókùúta kan, wọ́n ń fi awò wo ìsàlẹ̀. Ó tó wákàtí kan kí síìlì ńlá náà tó gòkè. Ó wọ́ ara rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ọmọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọyàn. Lowri ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Omi bọ́ lójú Morfydd náà.

"Ẹ wo bí mo ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ," ló wí.

Gethin ní kí àwọn máa lọ síbi tí wọ́n gbé mọ́tò sí.

Ọlọ́pàá méjì ló dúró ti mọ́tò náà, Sioned sì wà láàárín wọn, kò tíì fojú ba oorun láti ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó lọ mú ọmọ rẹ̀ nílé ìwé, tí olùkọ́ sọ fún un pé Màmá àgbà ti wá gbé e lọ.