Orúkọ Abẹ́ Ìdérí

Gbogbo Ọjọ́rú ni àwọn obìnrin náà máa ń pàdé nínú ilé-ìwé àtijọ́ tó wà lẹ́yìn èbúté. Wọ́n ti ti ilé-ìwé náà pa nítorí pé ọmọ ti tán nílùú, ṣùgbọ́n àpò ìwé ọmọdé kò tán. Àwọn ìyá tí ọmọ wọn ti dàgbà ló ń kó wọn wá: àpò aláwọ líle, pupa tàbí dúdú, tí ọmọ kan ń gbé kọ́ ẹ̀yìn láti kíláàsì kìíní títí tó fi jáde ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn obìnrin náà á nù wọ́n, wọn á rán èyí tó já, wọn á sì kó wọn sínú páálí ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ tálákà lókè òkun.

Iṣẹ́ ti Sumie ni láti pa orúkọ rẹ́. Ìyá wo ni kì í kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ sára ohun gbogbo, láti orí bàtà dórí ìgò omi? Abẹ́ ìdérí ni ti àpò máa ń wà. Sumie á fi máákà dúdú kùn ún títí ojú ò fi ní lè rí i mọ́. Màmá Kurata, olórí wọn, kò gbà kí àpò kankan jáde tòun torúkọ. Ó ní ọmọ ọlọ́mọ kò gbọdọ̀ gbé orúkọ ẹlòmíràn kọ́rùn.

Ọjọ́ tí Sumie kọ́kọ́ dé ni Nobuko, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹ wo ọwọ́ yìí ná! Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ mọ iye ọmọ tẹ́ ẹ ti pa láàárọ̀ yìí? Mélòó lẹ fi sílẹ̀ nílé tẹ́ ẹ wá ń pa tẹlòmíràn kiri?"

"Ẹyọ kan ni," Sumie dáhùn. "Mitsuharu. Ó ti lọ."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu gbogbo wọn. Ojú ti Nobuko débi pé ó sá lọ se tíì. Láti abúlé kan tó jìnnà díẹ̀ ni Sumie ti ń wọ ọkọ̀ ojú irin wá, kò sẹ́ni tó mọ ilé rẹ̀ nínú wọn, wọn kò sì bi í ní ìbéèrè kejì. Ẹni tó bá bi irú ẹ̀ lágbègbè yẹn, wọn á ní kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Ọsàn ni wọ́n máa ń kì bọ inú báàgì rẹ̀ nígbà tó bá ń lọ sílé.

Nígbà tí òtútù mú lọ́dún yẹn, Màmá Kurata kéde pé Laosi ni àwọn páálí ń lọ lọ́tẹ̀ yìí.

"Apá ibo ní Laosi, mà?" Sumie béèrè. Kì í sábà béèrè nǹkan.

"Àwọn abúlé orí òkè, lápá àríwá. Wọ́n ní ọ̀nà ibẹ̀ burú. Níbi tí ọkọ̀ bá kú sí, èèyàn á máa ru ẹrù lọ."

Sumie gbé máákà sílẹ̀. Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú tó tẹ̀lé e, ó se ìrẹsì nílé. Ó bu ti ọkọ rẹ̀, ó bu tirẹ̀, ó sì bu ti Mitsuharu sínú abọ́ búlúù kan, ó dé e, ó gbé e ka ipò ọmọ náà nídìí tábìlì bí ó ti máa ń ṣe láràárọ̀. Ọkọ rẹ̀ yíjú sí fèrèsé. Ó ti pẹ́ tó ti ní òun kò fẹ́ gbọ́ orúkọ yẹn nínú ilé òun mọ́. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, Sumie ṣí abọ́ náà, ó wo abẹ́ ìdérí. Oòru ti di omi wínníwínní níbẹ̀, èyí tí àwọn àgbà ilẹ̀ wọn ń pè ní àmì àlàáfíà. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀. Ó dìde, ó sì gbé àpò ìwé dúdú kan jáde láti inú kọ́bọ́ọ̀dù.

"Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?" ọkọ rẹ̀ bi í.

"Mo fẹ́ fi tọrẹ ni."

"Ó ti yẹ kó kúrò nílẹ̀ tipẹ́," ni ọkùnrin náà wí, ó sì fi ìwé ìròyìn bojú.

Nobuko ló gba àpò náà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń nù ún. Ó ṣí ìdérí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbàgbé láti pa..." Ó ka orúkọ náà. Toyama Mitsuharu ni, ní lẹ́tà gbàǹgbà tí ẹnìkan fi sùúrù kọ.

Màmá Kurata sún mọ́ wọn, ó wò ó. "Sumie, mo mọ̀ pé ó ń dùn ọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ alààyè ló máa gbé e kọ́ ẹ̀yìn. Bí o kò bá lè pa á rẹ́ fúnra rẹ, jẹ́ kí n bá ọ pa á." Ó na ọwọ́ sí máákà.

Sumie kúnlẹ̀ lórí pákó tútù, ó fi iwájú orí kanlẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́. Ẹ pa gbogbo orúkọ yòókù. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan yìí dé ibẹ̀."

"Kí ló fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? Wọn ò lè kà á."

"Kó ṣáà dé ibẹ̀, mà."

Omijé ti bọ́ lójú Nobuko. "Màmá, ẹ fojú fo ẹyọ kan péré. Ṣebí abiyamọ ni gbogbo wa."

Àánú ṣe Màmá Kurata. Ó dé àpò náà, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò ó sínú páálí, ó pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, ó sì tẹrí ba fún un bí èèyàn ṣe ń ṣe níwájú sàréè. Àwọn yòókù ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Sumie nìkan ni kò pa ọwọ́ pọ̀. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sórí páálí náà, ó ń lẹ̀ ẹ́ pa, ó ń fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ léraléra kó má baà ṣí lójú ọ̀nà.

Ní abúlé kan lórí òkè ní Laosi, nígbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, ọmọbìnrin tí àpò dúdú náà kàn ṣí ìdérí rẹ̀, ó bi olùkọ́ àjèjì tó ń pín ẹrù fún wọn pé kí ni wọ́n kọ síbẹ̀, Mitsuharu, olùkọ́ náà, sì wo ọwọ́ ìkọ̀wé ìyá rẹ̀ títí, ó ní, "Orúkọ ẹnìkan tó ti kú ni."