Àmì Pupa Ẹ̀yìn Ahun

Olùka-ẹranko gbé ahun mìíràn jáde nínú koríko oko Goro, àyà rẹ̀ já. Èyí náà ní àmì pupa lẹ́yìn. Lóṣù tó kọjá, ọ̀dà èékánná ló fi sàmì sí ìwọ̀nba ahun tó rí, ó sì tú wọn sílẹ̀. Bí ahun bá ṣì pọ̀ nínú igbó, ó yẹ kó rí èyí tí kò ní àmì. Kò rí ẹyọ kan.

“Olúwa, ṣé wọ́n ti ń run tán ni?”

Tata Rahimatou, àǹtí àgbà kan ládùúgbò náà, yọ sí i lẹ́yìn, ó gbé ahun mìíràn dání nínú igbá, ó ń kì í: “Ahun a-gbélé-rìn, a-rìn-jẹ́jẹ́-délé! Ọmọ mi, fọkàn balẹ̀. Àwọn ọdẹ wa sọ pé èyí tó bá ti ní àmì, ìjọba ló ni ín, àwọn ò gbọdọ̀ pa á jẹ. Làwa obìnrin bá ní, àwọn yòókù ńkọ́? Ṣé Ọlọ́run kọ́ ló dá wọn ni? La bá ń kùn wọ́n.”

“Gbogbo wọn?”

“Gbogbo èyí tá a rí! Ọ̀dà èékánná Adjara, ìyàwó tuntun wa, ti tán sí i. Ó ku ahun kan yìí tá ò tíì kùn.”

Iṣẹ́ oṣù kan ti dàrú. Olùka-ẹranko rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá yọ ìgò ọ̀dà tirẹ̀ jáde.

“Tata, ẹ bá mi dì í mú dáadáa.”