Nọ́ńbà Tó Wà Lórí Ímeèlì Mubashir

Ẹ má sáré kọjá lórí ìtàn yìí o. Ẹ kà á kan ìlà ìsàlẹ̀, pàápàá ẹ̀yin tó jẹ́ pé ẹlòmíì ló bá yín ṣí ímeèlì yín ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà láyé ọjọ́sí. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́, n kò sì ní bò ó.

1.

Ọmọ Ifọ̀ ni Mubashir. Nígbà tó fẹ́ ṣe ìdánwò JAMB, kò ní fóònù, ìyá rẹ̀ náà kò ní. Sọ̀fíyátù tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà lẹ́bàá ọjà ló bá a ṣí ímeèlì. Wọ́n ní kó fi nọ́ńbà sí i, obìnrin náà sì fi tirẹ̀ sí i, bó ṣe máa ń ṣe fún gbogbo ọmọ tí kò ní fóònù. Ó ní kó wá yí i padà bó bá ti ra tirẹ̀. Mubashir ní òun ti gbọ́.

Ó ra fóònù, ó kàwé jáde, ó gbé ìyàwó, ó gba ilé sí Mowé. Kò yí nǹkan kan padà.

2.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, Sọ̀fíyátù wá nọ́ńbà Mubashir kiri títí ó fi rí i, ó sì pè é.

"Mubashir, Sọ̀fíyátù oníkọ̀ǹpútà ni, láti Ifọ̀. Nọ́ńbà mi ṣì wà lórí ímeèlì rẹ o, kóòdù rẹ ń wọlé sórí fóònù mi. Jọ̀ọ́, wá àyè kí o yọ ọ́ kúrò."

Ọ̀rọ̀ ire nìyẹn, àbí? Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rẹ́ Mubashir wà lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò sì fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé obìnrin ẹ̀bá ọjà kan ló bá òun ṣí ímeèlì. Ó ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ó wá ń pe ẹni tó ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà lọ ní ìwọ.

"Ìwọ obìnrin yìí, ọ̀nà tí ẹ tún ń gbà jalè nìyí? Má pè mí mọ́."

Sọ̀fíyátù ní kó rọra, pé òun kò tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Mubashir pa fóònù mọ́ ọn létí. Ìyẹn nìkan kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó gbé nọ́ńbà obìnrin náà sórí WhatsApp àwọn tí wọ́n jọ jáde ilé ìwé n'Ífọ̀, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé olè ló ni ín, kí wọ́n ṣọ́ra. Àwọn yẹn náà bẹ̀rẹ̀ sí í pín in kiri. Ó sì mọ̀ dájú pé irọ́ ni. Ohun tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn.

3.

Lọ́dún yìí, ilé iṣẹ́ kan gba Mubashir sí iṣẹ́ tí yóò máa ṣe láti ilé. Ọdún mẹ́ta ló ti ń wá irú rẹ̀, Toyyibah ìyàwó rẹ̀ sì wà nínú oyún oṣù mẹ́fà. Inú ímeèlì ni wọ́n fi lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ sí. Ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ tó lù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíì.

Fóònù rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ já sómi lọ́sẹ̀ náà ni, ó sì ra tuntun. Ímeèlì kò mọ fóònù tuntun yìí, kò gbà kó wọlé.

Rosemary ni ilé iṣẹ́ náà yàn láti máa ran àwọn tó ń ṣiṣẹ́ láti ilé lọ́wọ́. Ó fi sùúrù tọ́ ọ sọ́nà lórí fóònù. Ó ní kó wò ó bóyá ọjọ́ àti aago fóònù rẹ̀ pé, kó nu gbogbo ohun tó ti wà nípamọ́ nínú bùráúsà, kó sì fi bùráúsà mìíràn gbìyànjú. Mubashir ń jágbe mọ́ ọn pé òun kì í ṣe ọmọdé nídìí irú nǹkan báyìí. Nígbà tó ṣe gbogbo rẹ̀ tán, wọ́n kọ ọ́ sójú fóònù rẹ̀ pé àwọn ti fi kóòdù ránṣẹ́ sí nọ́ńbà tó parí sí 63.

Rosemary bi í pé nọ́ńbà ta nìyẹn. Nọ́ńbà Sọ̀fíyátù ni, Mubashir sì mọ̀ ọ́n dáadáa.

4.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ló wọkọ̀ lọ sí Ifọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ṣọ́ọ̀bù Sọ̀fíyátù, lójú àwọn oníbàárà. Obìnrin náà wò ó, kò ní kó dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ dárí jì mí. Kóòdù tó wọlé sórí fóònù yín ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún."

"Fóònù wo? Nígbà tí o pè mí lólè, tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń pè mí, wọ́n ń ṣépè fún èmi àtàwọn ọmọ mi. Oṣù mẹ́ta ni kò sí òbí tó rán ọmọ wá sí ṣọ́ọ̀bù yìí. Mo yọ síìmù yẹn, mo sọ ọ́ nù. Ilé iṣẹ́ tó ni síìmù ti ta nọ́ńbà náà fún ẹlòmíì. Lọ bẹ ẹni tó rà á."

Mubashir pe nọ́ńbà náà níbẹ̀. Ọkùnrin kan gbé e, ó gbọ́ àlàyé rẹ̀ títí dé òpin.

"Wọ́n ti kìlọ̀ fún wa pé ká má ka kóòdù fún ẹnikẹ́ni," ni ọkùnrin náà wí. "Wá ẹlòmíì lọ tí wàá lù ní jìbìtì."

Látìgbà náà, ìpè rẹ̀ kò wọlé sọ́dọ̀ ọkùnrin yẹn mọ́. Ó pe Rosemary pé kí wọ́n fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí ímeèlì mìíràn. Rosemary ní kò ṣeé ṣe, torí ohun tí àwọn gbájú-ẹ̀ máa ń sọ gan-an nìyẹn. Inú ọkọ̀ ni Mubashir wà tí aago mẹ́rin fi lù.

Nígbà tó délé, Toyyibah bi í títí ó fi jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wá tún bi í ní ìbéèrè kan.

"Ṣé torí kí àwọn ọ̀rẹ́ yín má baà fi yín ṣẹ̀sín lẹ ṣe pe ìyá yẹn lólè?"



Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ wo nọ́ńbà tó wà lórí ímeèlì yín lónìí. Bí kì í bá ṣe tiyín, ẹ yọ ọ́ nígbà tí ẹ ṣì lè wọlé. Ẹ má ka kóòdù fún àjèjì, ọkùnrin yẹn kò ṣẹ̀ sí ẹnikẹ́ni. Bí ẹni tó ṣe yín lóore bá sì pè yín láti kìlọ̀ fún yín, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má fi orúkọ rẹ̀ ṣeré lójú ayé. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́.