Bauro Gun Igi Láìkọrin

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìtàn yìí tán pátápátá kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Mo mọ̀ yín, ìlà mẹ́ta lẹ máa ń kà. Ìlara tó wà nínú eléyìí lè wà nínú ẹ̀yin náà.

1.
Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni Bauro àti Tiaon, níbí ní erékùṣù Abaiang. Igi àgbọn ni àwọn méjèèjì ń gùn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ láti dẹ́mu. Ẹmu yẹn, kó tó kan, òun làwọn ọmọ wa ń mu dàgbà. Ilé ìwẹ̀ wa ò ní òrùlé, nítorí náà ẹni tó bá wà lórí igi gbọ́dọ̀ máa kọrin sókè, kí obìnrin tó ń wẹ̀ lè mọ̀, kó sì bora. Ọkùnrin tó bá dákẹ́ lórí igi, ìhòòhò ló wá wò.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin wá láti Tarawa, olú ìlú wa, ó ya fídíò Tiaon níbi tó ti ń kọrin lókè. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, fídíò náà ti gbòde. Àwọn ará wa tó wà ní Fíjì àti Ọsirélíà ń kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé àwọn ń sunkún ilé.

2.
Inú Bauro ò dùn rárá.

"Ta ló kọ́ Tiaon lórin?" ló bi Ruteta ìyàwó rẹ̀. "Ṣé kì í ṣe èmi ni? Ohùn ẹ̀ bí adìẹ tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀!"

"Bàbá Tabera, àbúrò yín mà ni. Ẹ bá a yọ̀."

"Kí n bá a yọ̀? Àlejò kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní, 'Ṣé ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n Tiaon?' Èmi tí mo ti ń gun igi kí wọ́n tó bí i!"

Tiaon tiẹ̀ wá bá a nílé. "Bọ̀dá mi, ẹ jẹ́ ká jọ kọrin, kí wọ́n ya àwa méjèèjì." Bauro ní òun ò ráyè. Ẹ ò rí ayé! Wọ́n gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó lóun ò jẹ.

3.
Bauro mọ̀ pé tí Tiaon bá rò pé kò sẹ́ni tó ń wo òun, ó máa ń họ ìdí, ó sì máa ń bá ìgò ẹmu sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bẹ ìyàwó. Lọ́jọ́ kan, Bauro yọ́ gun igi tó wà nítòsí àgbàlá Tiaon. Kò kọrin, kí Tiaon má baà mọ̀. Ó ya gbogbo rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbé e sórí ayélujára: "Ẹ wo olórin yín!"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Inú Bauro dùn fún wákàtí kan péré. Lẹ́yìn náà ẹnì kan kọ̀wé: "Ta nìyẹn lẹ́yìn, tó ń wẹ̀?"

Teretia ni, ìyàwó ọmọ Ueantabo, ọ̀kan lára àwọn àgbà abúlé wa. Àbúrò rẹ̀ nìkan ni Bauro tẹjú mọ́. Kò rí obìnrin náà rárá. Ó sáré pa fídíò náà rẹ́, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ti pín in káàkiri. Teretia ò jáde nílé fún oṣù kan.

4.
Gbogbo abúlé pé sí ilé ìpàdé. Èmi náà wà níbẹ̀.

"Bauro, ṣé o kọrin nígbà tó o gun igi?" ni Ueantabo bi í.

"Rárá, bàbá."

"Ìyàwó ọmọ mi lo lọ wò nìyẹn."

Ruteta bú sẹ́kún. Bauro rí i pé òtítọ́ nìkan ló kù tóun lè fi gba ara òun sílẹ̀.

"Bàbá, mi ò rí i. Àbúrò mi ni mo lọ wò. Mò ń jowú ẹ̀. Mo fẹ́ kí gbogbo ayé fi í ṣẹ̀sín."

Tiaon dìde. "Bọ̀dá mi, kí ni mo ṣe fún yín?"

Àwọn àgbà ní, nítorí pé kò kọrin, Bauro ò gbọdọ̀ gun igi kankan mọ́ láyé rẹ̀.

Tiaon ló wá ń dẹ́mu lórí igi Bauro báyìí, nítorí ebi ò gbọdọ̀ pa àwọn ọmọ Bauro. Ní ìdájí, Bauro á wà lórí ẹní, á máa gbọ́ orin lókè ilé ara rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ á sì máa sáré jáde: "Bàbá kékeré ti dé o!"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, kẹ́ ẹ tó gbé fídíò ọmọnìkejì yín jáde, ẹ bi ara yín bóyá ẹ̀rín lẹ fẹ́ pín, àbí ẹnì kan lẹ fẹ́ bà jẹ́. Ẹni tí ìlara bá ń gùn kì í rí ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń wò. Ẹni bá da eérú ni eérú ń tọ̀.