Ọ̀rọ̀ Pẹ́ńsùlù Létí Ìwé Ọ̀gá Tíṣà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ ìtàn ìdílé, ẹ fara balẹ̀ ka èyí dé ìlà tó kẹ́yìn. Kò gùn, kò sì dùn.

1. Àwọn ọmọ ọ̀gá tíṣà kan tó ti dolóògbé bẹ akọ̀wé kan kó kọ ìtàn ìgbésí ayé bàbá wọn. Akọ̀wé náà mọ iṣẹ́, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Wọ́n mú un wọ yàrá ìwé bàbá: àpótí mọ́kànlá, eruku, àga kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì. Oṣù mẹ́ta ló fi jókòó síbẹ̀. Lójoojúmọ́, Màmá, opó bàbá, á gbé omi tútù wá, wọn á gbé e kalẹ̀, wọn á jáde.

"Ẹ ṣé, Màmá." Ọ̀rọ̀ tó ń bá wọn sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

2. Létí ìwé ìtàn àtijọ́ kan ló ti rí ìlà kan tí wọ́n fi pẹ́ńsùlù kọ: "Ilé yìí ti sú mi. Tí kì í bá ṣe tàwọn ọmọ, ǹ bá ti lọ."

Inú rẹ̀ dùn bí ẹni rí ìṣúra. Atẹ̀wé tó fẹ́ tẹ ìwé náà jáde bi í pé: "Ṣé ẹ ti fi wé lẹ́tà tí bàbá fọwọ́ ara wọn kọ?"

"Orúkọ wọn ló wà lójú ewé àkọ́kọ́. Ta ló tún fẹ́ kọ nǹkan síbẹ̀? Ìyá tó ń gbé omi fún mi ni?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín.

3. Ìwé jáde. Orí kẹfà ní bàbá ò fẹ́ràn ìyàwó wọn, ọmọ nìkan ló so wọ́n mọ́lẹ̀. Àbígbẹ̀yìn já àwòrán bàbá kúrò lára ògiri. Àkọ́bí ń sunkún: "Bàbá tó ń fọ aṣọ wa láràárọ̀, àṣé ojú ayé ni wọ́n ń ṣe!"

Màmá ò sunkún. Wọ́n ránṣẹ́ pe akọ̀wé, wọ́n gba pẹ́ńsùlù lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì kọ ìlà kan náà sábẹ́ ti àtijọ́ níṣojú gbogbo ọmọ. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ṣì fì sápá òsì bíi tòkè.

"Èmi ni mo kọ ọ́. Ọdún tí mo bí ìkẹta yín ni, ó ti rẹ̀ mí. Bàbá yín rí i. Wọn ò pa á rẹ́, wọn ò sì bá mi jà. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọ aṣọ. Ogójì ọdún ni mo fi bo ọ̀rọ̀ yìí mọ́ra. Mo tú àṣírí ara mi síta lónìí kẹ́ ẹ lè gbé àwòrán wọn padà."

Akọ̀wé ní: "Màmá, kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

"Ṣé o bi mí?"

Atẹ̀wé kó ìwé náà kúrò lórí àtẹ. Láti ìgbà náà, kò sí ìdílé tó tún gbé ìtàn òkú wọn lé akọ̀wé náà lọ́wọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, orúkọ ẹni tó ni ìwé kì í ṣe ẹ̀rí ẹni tó kọ nǹkan sí i létí. Ẹ fi ìkọ̀wé wé ìkọ̀wé. Kẹ́ ẹ tó tẹ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan jáde nípa òkú, ẹ bi alààyè tó bá a gbélé. Abèèrè kì í ṣìnà. Ẹni tí kò béèrè ló ń pọ́n ara rẹ̀ lójú.